Òpó tuntun, èdè àtijọ́: Iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tí kò jẹ́ kí fóònù kékeré yín kú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù mu gan-an lóde òní. Láti ìgbà tí 4G àti 5G ti dé, ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ayé fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ti parí. Kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lọ sí ọjà oko. Fóònù yẹn náà ni yóò bá lọ́wọ́ ìyá aláta, lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ń gbin kòkó àti lọ́wọ́ bàbá tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ń dún, wọ́n ń gbé e, wọ́n sì ń fi í gbọ́ ohùn ọmọ wọn tó wà ní Èkó, ní Àbújá tàbí ní òkè òkun.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn lónìí ni pé, báwo ni ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ ṣe ń rìn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ rárá? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ kan tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní circuit emulation. Orúkọ náà le lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ kò le, ó sì kan gbogbo ẹni tó ń lo fóònù kékeré.

Ibi tí a ti ń bọ̀

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ ayé NITEL kò ní gbàgbé wàhálà ìgbà náà. Ọdún 1985 ni ìjọba àpapọ̀ da ẹ̀ka tẹlifóònù ilé iṣẹ́ P&T pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ìpè òkè òkun, tí wọ́n fi di NITEL. Títí di ọdún 2001, gbogbo tẹlifóònù onílà tó ń ṣiṣẹ́ lórílẹ̀-èdè yìí kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ, bẹ́ẹ̀ ni iye èèyàn ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ìlú kékeré lè wọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá, kó tò sórí ìlà, kó sì padà sílé láìgbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001 ni àjọ NCC, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, gbé ìwé àṣẹ GSM sórí àtẹ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mílíọ̀nù 285 dọ́là. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹjọ ọdún náà, Econet àti MTN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Globacom dara pọ̀ mọ́ wọn ní oṣù kẹjọ ọdún 2003. Òpó wá bẹ̀rẹ̀ sí í hù káàkiri bí olú. Àmọ́ òpó kò lè dá dúró. Ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí ohùn yóò gbà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀rọ ńlá, níbi tí wọ́n ti ń so ìpè pọ̀. Ọdún 2003 ni MTN ṣí ọ̀nà ńlá tirẹ̀, tó gùn tó 3,400 kìlómítà, nínú èyí tí àwọn àwo ńláńlá orí òpó ti ń ju ohùn síra wọn láti ìlú dé ìlú.

Irú ọ̀nà tí wọ́n fi ń so òpó mọ́ ilé ẹ̀rọ nígbà náà ni wọ́n ń pè ní E1. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ ojú irin kò ní pẹ́ mọ E1.

Ọkọ̀ ojú irin oníkọ́ọ̀ṣì 32

Ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tẹlifóònù ti ayé kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ máa ń wọn ohùn èèyàn ní ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Yóò sọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan di àmì mẹ́jọ, tí àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 tàbí 1. Èyí túmọ̀ sí pé ohùn ẹnì kan ṣoṣo ń lo àmì 64,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

E1 wá dà bí ọkọ̀ ojú irin tó ní kọ́ọ̀ṣì 32. Ìgbà 8,000 ló ń gbéra ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í yá, kì í pẹ́. Kọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ kì í gbérò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti jẹ́ kí ẹ̀rọ tó wà lápá kejì mọ ibi tí ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́ọ̀ṣì kan láàárín ni wọ́n sábà máa ń fi gbé ìsọfúnni nípa ìpè: ta ló ń pe ta, ta ló ti gbé e, ta ló ti pa á. Ọgbọ̀n tó kù wà fún ohùn èèyàn. Bí ẹ bá ṣe àròpọ̀ gbogbo rẹ̀, àmì 2,048,000 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà kéré sí tiwa. Kọ́ọ̀ṣì 24 ló ní, T1 ni wọ́n ń pè é, ọdún 1962 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Láàárín òpó GSM àti ilé ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀, wọ́n tún dọ́gbọ́n sí i. GSM ti fún ohùn mọ́ra kó tó dé ibẹ̀, nítorí náà, ohùn èèyàn mẹ́rin lè jókòó sínú kọ́ọ̀ṣì kan.

Àǹfààní ọkọ̀ ojú irin yìí ni pé àyè yín dájú. Kò sí ẹni tó lè gbà á mọ́ yín lọ́wọ́ títí tí ẹ ó fi pa fóònù. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́, òfìfo rẹ̀ yóò máa lọ, yóò máa bọ̀, owó yóò sì máa bá a lọ.

Ọkọ̀ akẹ́rù gba ọ̀nà

Íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ ọkọ̀ ojú irin. Ìdì ló mọ̀. Yálà fọ́tò ni o, fídíò ni o tàbí ìwé, yóò gé e sí wẹ́wẹ́, yóò di ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdì, yóò kọ àdírẹ́sì sí i lára, yóò sì jù ú sínú ọkọ̀ akẹ́rù tó bá kọ́kọ́ dé. Ìdì kan lè gba Ìbàdàn, òmíràn lè gba Ìjẹ̀bú-Òde. Èyí tó gbéra ṣáájú lè dé kẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá sọnù lọ́nà, wọ́n lè tún un fi ránṣẹ́. Fọ́tò lè fara da ìyẹn. Ohùn èèyàn kò lè fara dà á.

Ọ̀nà ọkọ̀ akẹ́rù yìí kò wọ́n tó ojú irin, ẹrù tó ń gbà sì pọ̀ ju ti ojú irin lọ fíìfíì. Ilé iṣẹ́ tó bá ti ri wáyà fáíbà mọ́lẹ̀, ìyẹn okùn onígíláàsì tín-ín-rín tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀, kò tún fẹ́ máa ná owó lórí ọ̀nà méjì. Ohun tó wá di ìṣòro ni àwọn ẹ̀rọ 2G tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. E1 nìkan ni èdè tí wọ́n gbọ́. Bí wọ́n bá hú ojú irin kúrò lójijì, òpó bẹ́ẹ̀ yóò yadi ni, gbogbo fóònù kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò sì dákẹ́.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo òpó ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Àwọn ẹ̀rọ 2G tí wọ́n ṣe láìpẹ́ ti ń sọ èdè ìdì fúnra wọn. Àwọn ògbólógbòó ni ọ̀rọ̀ kàn, wọ́n sì wà káàkiri àgbáyé.

Afárá láàárín àtijọ́ àti titun

Ibẹ̀ ni circuit emulation ti wọlé. Ní ṣókí, ó túmọ̀ sí pé kí ọ̀nà tuntun máa ṣe bí ọ̀nà àtijọ́. Wọ́n á gbé àpótí ẹ̀rọ kan sí ìdí òpó, wọ́n á gbé èkejì rẹ̀ sí ilé ẹ̀rọ ńlá. Àpótí àkọ́kọ́ yóò gba ọkọ̀ ojú irin wọlé, yóò kó ẹrù inú kọ́ọ̀ṣì jáde, yóò dì í ní ìdì-ìdì, yóò kọ nọ́ńbà sí ìdì kọ̀ọ̀kan lára, yóò sì kó wọn sórí ọkọ̀ akẹ́rù. Àpótí kejì yóò gba àwọn ìdì náà, yóò tò wọ́n bí nọ́ńbà wọn ṣe tẹ̀ léra, yóò tú wọn, yóò sì tún ọkọ̀ ojú irin náà tò bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Òpó kò mọ̀ pé ojú irin ti lọ. Ilé ẹ̀rọ kò mọ̀. Ìyá aláta tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kò mọ̀.

Kí ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ kan ṣe má baà máa sọ èdè tí ti ilé iṣẹ́ mìíràn kò gbọ́, àjọ IETF, tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún íntánẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, tẹ àwọn ìlànà kan jáde. Èyí tó jáde ní ọdún 2006, tí wọ́n ń pè ní SAToP, ní kí wọ́n kó gbogbo E1 bó ṣe wà láìyẹ inú rẹ̀ wò. Èyí tó jáde ní ọdún 2007, tí wọ́n ń pè ní CESoPSN, fàyè sílẹ̀ pé kí wọ́n kó kìkì àwọn kọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti yàn fún iṣẹ́, kí wọ́n sì fi òfìfo sílẹ̀.

Ohun márùn-ún tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀

Kì í ṣe kí wọ́n gbé àpótí méjì kalẹ̀, kí wọ́n ki wáyà bọ̀ ọ́ lásán ni iṣẹ́ yìí. Ohun márùn-ún ló wà tí onímọ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tò dáadáa.

Èkíní ni pé kí àpótí méjèèjì gbọ́ ara wọn yé. Bí ọ̀kan bá ń fi gbogbo E1 ránṣẹ́, tí èkejì sì ń retí kọ́ọ̀ṣì díẹ̀ nínú rẹ̀, kò sí ìpè kankan tí yóò wọlé.

Èkejì ni ìwọ̀n ìdì. Ìwọ̀n tí ìlànà ọdún 2006 dárúkọ fún E1 ni báìtì 256, èyí tó jẹ́ ẹrù ọkọ̀ ojú irin mẹ́jọ nínú ìdì kan. Bẹ́ẹ̀ ni ìdì 1,000 yóò ṣe máa gbéra ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìdì bá tóbi jù, yóò pẹ́ kó tó kún. Bó bá kéré jù, ìwé àdírẹ́sì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹrù inú rẹ̀, ọ̀nà á sì kún láìnídìí.

Ẹ̀kẹta ni àmù. Ẹ wo ilé tí wọ́n ti ń pọn omi odò. Àwọn ọmọ kì í dé pa pọ̀. Ọ̀kan á yá, ọ̀kan á pẹ́ lọ́nà. Àmọ́ bí omi bá wà nínú àmù, ìyá tó ń dáná kò ní mọ̀ pé ẹnì kan pẹ́. Àpótí ẹ̀rọ náà ní irú àmù yìí, níbi tí ìdì tó bá dé ti ń dúró díẹ̀ kí wọ́n tó tú u. Bí àmù bá kéré jù, yóò gbẹ kí ìdì tó dé, ohùn yóò sì máa gé. Bó bá tóbi jù, ohùn yóò pẹ́ kó tó jáde, ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀ á wá máa já lu ọ̀rọ̀ ara wọn. Àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, ITU, sọ ọ́ nínú ìlànà rẹ̀ pé bí ohùn kò bá lò ju ìdá 150 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ láti ẹnu dé etí, ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní fura.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀tọ́ ojú ọ̀nà. Bí mọ́tò ṣe máa ń yà fún ọkọ̀ panápaná, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí ìdì fídíò yà fún ìdì ohùn. Ìdì ohùn tó bá sọnù, kò sí àyè láti tún un fi ránṣẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ kò lè dúró dè é. Bí onímọ̀ ẹ̀rọ kò bá fún ohùn ní ẹ̀tọ́ yìí, alẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù wọn ni ìpè àwọn àgbà yóò máa já.

Ìkarùn-ún, tó le jù, ni aago. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn onílù ṣe àpẹẹrẹ. Bí ìyá ìlù bá ń sọ̀rọ̀, tí gúdúgúdú àti kẹríkẹrì ń tẹ̀ lé e, etí kan náà ni gbogbo wọn fi ń gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá ìlù bá wà ní Ìbàdàn, tí gúdúgúdú wà ní Ọ̀yọ́, kí ni wọn yóò fi mọ ìṣísẹ̀ ara wọn? Nígbà ojú irin, ìró ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni òpó fi ń to aago rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kò ní irú ìró bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àpótí ìdí òpó gbọ́dọ̀ wá aago níbòmíràn. Ó lè máa fi bí ìdì ṣe ń dé díwọ̀n rẹ̀, ó lè gbà á láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì GPS, tàbí láti inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ti tò ó fún ìyẹn.

Òfin GSM sì le lórí èyí. Ìṣísẹ̀ òpó kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ju ìdá 50 nínú bílíọ̀nù kan lọ. Aago ọwọ́ tó bá péye tó bẹ́ẹ̀ lè lo oṣù méje gbáko láìfi ìṣẹ́jú àáyá kan yẹ̀. Bí òpó méjì kò bá sí lórí ìṣísẹ̀ kan náà, ẹni tó wà nínú mọ́tò, tó ń kúrò lábẹ́ òpó kan bọ́ sábẹ́ òmíràn, ìpè rẹ̀ lè já sí i lẹ́nu.

Kí ló kan ẹni tó wà lóko?

Ó kàn án púpọ̀. Àkọ́kọ́, kì í ṣe ohùn nìkan ló ń gba orí afárá yìí. Kódù tí ẹ ń tẹ̀ sórí fóònù kékeré, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀, tí ẹ fi ń wo owó inú báńkì tàbí tí ẹ fi ń ra káàdì ìpè, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà ìsọfúnni ìpè tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń gbà. Lábẹ́ òpó tó ń lo afárá, bí afárá bá mì, kódù pẹ̀lú á máa kọ̀.

Èkejì, afárá yìí dúró lórí fáíbà, ẹni tó bá sì gé fáíbà ti gé afárá. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n gé fáíbà MTN níbi púpọ̀, àwọn oníbàárà káàkiri orílẹ̀-èdè yìí kò sì lè pè fún wákàtí mélòó kan. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún kan náà, okùn abẹ́ òkun já ní etíkun Ivory Coast, iṣẹ́ báńkì sì dẹnu kọlẹ̀ lọ́pọ̀ ibi nílẹ̀ wa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde àṣẹ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí, èyí tó ka àwọn ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ mọ́ dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè, tó sì sọ bíbà wọ́n jẹ́ di ọ̀ràn. Nítorí náà, kí ẹ tó gbẹ́ kànga, kí ẹ tó fa ọgbà tàbí kí ìjọba ìbílẹ̀ tó wa katakata sọ́nà, ẹ wò ó bóyá àmì fáíbà wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe gbà pé fóònù yín ló bàjẹ́ ní gbogbo ìgbà. Bí ìpè bá ń já fún gbogbo ará abúlé ní àkókò kan náà, tàbí tí ohùn ń gé bí ẹni tó ń jẹ àgbàdo, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀ràn òpó tàbí ti ọ̀nà tó so ó mọ́ ilé ẹ̀rọ. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi tó ilé iṣẹ́ tí ẹ ń lò létí. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ pe NCC lórí 622. Ọ̀fẹ́ ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun

Ní Amẹ́ríkà, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ilé iṣẹ́ AT&T ti pa 2G tirẹ̀. Singapore pa tirẹ̀ lọ́dún náà. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò mọ̀ ju 2G lọ ní láti ra òmíràn.

Ní Ìlú Ọba, ilé iṣẹ́ BT ń palẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tẹlifóònù onílà àtijọ́ mọ́ láti kó gbogbo èèyàn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìparí ọdún 2025 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọjọ́ sí. Nígbà tó di ọdún 2024, wọ́n sún un di ọjọ́ 31, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2027. Ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó wà lára ohun tó fà á, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ní bọ́tìnnì kan lọ́rùn tí wọ́n ń tẹ̀ bí wọ́n bá ṣubú, èyí tó ń gba orí ìlà tẹlifóònù pe ìrànlọ́wọ́. Tẹlifóònù àtijọ́ ń gba iná láti ilé ẹ̀rọ. Tuntun yóò kú bí iná bá lọ nílé, àfi bí bátìrì bá wà. Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tàbí ẹ̀gbọ́n tó ti dàgbà ní London tàbí Manchester, ẹ bi wọ́n léèrè nípa bọ́tìnnì yẹn.

Afárá kì í ṣe ilé

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fúnra wọn mọ̀ pé circuit emulation kì í ṣe ohun tí yóò wà títí láé. Ẹ̀rọ àtijọ́ ń gbó, ohun èlò rẹ̀ ń ṣọ̀wọ́n, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì ń fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa náà yóò sọ pé àwọn kò ṣe 2G mọ́. Kò burú. Ẹnikẹ́ni kò lè ní kí ayé dúró sójú kan.

Ohun tó yẹ kí àwọn àgbà àti àwọn baálẹ̀ wa máa béèrè láti ìsinsìnyí ni pé, kí wọ́n tó wó afárá, ṣé gbogbo èèyàn ti kọjá? Ṣé 4G ti dé abúlé wọn, tàbí ìlú ńlá ló dúró sí? Ṣé fóònù tó lè gbà á ti di ohun tí owó àgbẹ̀ ká? Ṣé báńkì ti ní ọ̀nà mìíràn fún ẹni tí kò lè ka ìwé orí fóònù ńlá? Ìwádìí tó dára ni Ìlú Ọba ṣe tí wọ́n fi sún ọjọ́ síwájú fún àwọn arúgbó wọn. Tiwa kò gbọ́dọ̀ kéré sí tiwọn, nítorí ẹni tó ń wó afárá láìwẹ̀yìn, ọmọ rẹ̀ lè wà lórí rẹ̀.